Kí O Tó Mú Ẹni Tí Kò Rílé Sùn Sí

Ilé Bàbá Rẹ,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ Sátidé.

Àlàó, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ara gbogbo wa le. Ìyá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ ń kí ọ, iṣu tuntun sì ti ń wọlé láti oko. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, nítorí lẹ́tà yìí yóò gùn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dùn mọ́ ọ.

Lẹ́tà rẹ láti òkè Ọya tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kà á sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí ó gbọ́ pé o ti jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, pé wọ́n ti fún ọ ní aṣọ àti fìlà, ó dìde, ó jó. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé ìwọ àti Sájẹ́ǹtì yín lọ kó àwọn tí ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ nínú ọjà, pé ẹ fa mẹ́sàn-án lọ sí kóòtù ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, pé ìwọ nìkan mú mẹ́rin nínú wọn. O wá kọ ọ́ pé, “Sájẹ́ǹtì bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ọmọ òun ni mí. Bàbá, mo ti rí bàbá níbí.”

Ẹnu mi ti sọ ọ́ jáde kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Mo ká lẹ́tà náà.

Ìyá rẹ ní, “Ṣé ó tán ni?”

Mo ní, “Ó ní ká kí gbogbo ilé.”

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ń jowú.”

“Owú ta ni?”

“Owú Sájẹ́ǹtì tí ẹ kò rí rí. Ẹ wo ojú yín bó ṣe pọ́n.”

Kò purọ́. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Èmi tí mo bí ọ, tí mo kọ́ ọ ní A, B, D, tí mo fi owó iṣu rán ọ nílé ìwé, ẹnì kan tí ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan di bàbá! Mo jowú, ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jowú. Owú yìí náà ni ó sọ mí di ohun tí mo dà nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí tìrẹ, òun náà ni mo sì fẹ́ fi bá ọ sọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Gba ọwọ́ méjèèjì.

O mọ̀ pé mo ṣe ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ní ìlú yìí kí a tó gba òmìnira. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n tó wá di àgbẹ̀ àti akọ̀wé tí ń bá aráàlú kọ lẹ́tà. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi.

O kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ìyá mi, nítorí o kéré nígbà tí ó kú. Opó ni. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù ú kù. Kúkúndùnkún sísè ni ó ń tà ní tésàn ọkọ̀ ojú irin. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé igbá rẹ̀ lé orí, á máa sáré lọ sí ojú fèrèsé àwọn èrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ kákí ọlọ́pàá, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú tésàn kọjá ní ọ̀sán. Á sọ igbá kalẹ̀, á kì mí: “Àjàní ọmọ mi, ọmọ Ọlọ́fà mojò, ọmọ tí ń mú olè fún ọba!” Àwọn obìnrin yòókù á pàtẹ́wọ́. Àlàó, mi ò mu ọtí rí tó pa mí bí oríkì yẹn ṣe ń pa mí.

Nígbà tí ó yá, mi ò kọjá níbẹ̀ mọ́. Mo ní ọ̀rẹ́, mo ní ìyàwó, mo ní ìwọ. Mo lè lo oṣù kan láìfojú kan ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà la wà.

Àsìkò yẹn ni Jímọ̀ dé. Jímọ̀ yìí ni o mọ̀ sí Bàbá Òjòkú, tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa, tí ó máa ń gbé ọ kọ́rùn lọ sílé ìwé. Ẹgbẹ́ mi ni. Ní Òjòkú, òjò wó ilé bàbá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ sì ní kò sí ilẹ̀ tí yóò tún un kọ́ sí. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sí Ọ̀fà. Kò mọ ẹnì kan. Ó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní tésàn, lórí àpò tí ó ti ya.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fún un ní kúkúndùnkún tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì ó bá a pọnmi. Lọ́jọ́ kẹta ó bá a la igi. Nígbà tí mo fi máa tún dé tésàn, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ni mo rí lẹ́bàá ààrò ìyá mi, ó ń fẹ́ná, ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ó sọ, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Mo dúró. Kò rí mi. Ó pẹ́ kó tó rí mi. Nígbà tó wá rí mi, ó ní, “Há, Àjàní, o wá?” Kò kì mí.

Kíjìpá kan wà ní ọrùn ọkùnrin náà. Mo mọ kíjìpá yẹn. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló hun ún fún bàbá mi kó tó bí mi.

Mo ní, “Ìyá, aṣọ bàbá mi nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ọyẹ́ ń mú un.”

“Ẹ kò bi mí.”

“Ìgbà wo ni mo rí ọ tí mo máa bi ọ́?” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fún mi ní kúkúndùnkún. Mo ní mo ti yó, irọ́ ni, ebi ń pa mí. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àṣẹ dé pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá wo tésàn, pé kí a kó gbogbo ẹni tí kò nílé kúrò níbẹ̀. Kọ́púrà tí ó jẹ́ ọ̀gá wa bi wá pé ta ló mọ̀ wọ́n. Mo dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Orúkọ Jímọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó dé, mo mú un lórí àpò rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: sísùn ní gbangba. Adájọ́ ní kí ó lọ fi ọjọ́ méje roko ìjọba. Kọ́púrà gbá mi léjìká, ó ní, “O gbójú! O máa dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.” Inú mi dùn bí inú rẹ ṣe dùn sí ti Sájẹ́ǹtì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ fẹ́ kí o mọ èyí: ìyìn ọ̀gá kì í sọ fún ni bóyá ohun tí a ṣe dára. Ó kàn ń sọ fún ni pé a rọrùn láti rán níṣẹ́.

Ọjọ́ méje pé, Jímọ̀ padà sí ibi àpò rẹ̀. Ibo ni ìbá tún lọ? Mo tún mú un. Ó ń ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi tésàn nígbà tí mo bá a. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi omi ìjọba ṣòfò. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kírun tán.” Mi ò jẹ́ kó kírun tán. Ọlọ́run forí jì mí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un.

Èkejì rèé, kí o sì fi í sọ́kàn ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ lọ. Òfin tí ó de olè àti apànìyàn, ó ṣòro kí ènìyàn fi ìbínú ara rẹ̀ lò ó. Àmọ́ òfin wẹ́wẹ́, má sùn síbí, má jókòó síbẹ̀, má wẹ̀ níbí, má dáná níbẹ̀, ìkà ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ kó máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó nílé ń ṣe gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí kò nílé, bó bá ti jí ló ti ṣẹ̀. O lè mú un nígbàkúùgbà tó bá wù ọ́. Nítorí náà, kí o tó na ọwọ́, bi inú ara rẹ léèrè: kí ló ń jẹ mí? Bí ó bá jẹ́ owú, tàbí ìbínú tí o gbé kúrò nílé, tàbí kí ọ̀gá lè rí ọ, ká ọwọ́ rẹ kò.

Gbogbo àkókò yìí, ìyá mi kò mọ̀ pé èmi ni. Ó wá bá mi nílé, ó mú kúkúndùnkún dání. “Àjàní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò jẹ́ kí Jímọ̀ gbádùn. Ìwọ lo wà níbẹ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Mo wo ojú ìyá mi. Mo ní, “Màá rí sí i.”

Ó gbàdúrà fún mi. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó fi orúkọ Jésù gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò gbé mi ga. Àdúrà náà ń gún mi bí ẹ̀gún. O máa rò pé ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ńṣe ni ó túbọ̀ bí mi nínú. Nítorí Jímọ̀ ló ṣe wá kí mi. Bí kò bá sí ti Jímọ̀, ìgbà wo ni ìbá wá? Àlàó, owú kì í yó. Bí o bá fún un ní ìyá rẹ, á tún béèrè ibi tí ìyá rẹ ń wò.

Nígbà kẹta, mo mú un nítorí kíjìpá náà. Mo sọ pé mo fura pé ńṣe ni ó jí i. Nínú kóòtù, adájọ́ bi í pé, “Níbo lo ti rí aṣọ yìí?”

Jímọ̀ kò fọhùn.

“Ta ló fún ọ?”

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Bí ó bá ní, “Ìyá ọlọ́pàá yìí ló fún mi,” ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó ní, “N kò ní ohun tí mo lè sọ, Olúwa mi.” Oṣù mẹ́fà, ọgbà ẹ̀wọ̀n, Ìlọrin.

Mo rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún ọ pé, má ṣe gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí o mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. O kò mọ ẹni tí ó ń dákẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó tàn ká ní Ọ̀fà. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan sọ fún àwọn obìnrin tésàn pé wọ́n ti sọ Jímọ̀ sẹ́wọ̀n nítorí kíjìpá. Ìyá mi gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó wá sí àgọ́ ọlọ́pàá wa. A pọ̀ níbẹ̀. Aṣọ náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti so ìwé mọ́ ọn.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mo fún Jímọ̀ ní aṣọ yẹn. Èmi ni mo hun ún. Ẹ mú mi.”

Ó wò wá yíká. Ó ní, “Ta ló fẹ̀sùn kàn án?”

Kọ́púrà kò mọ̀ pé ìyá mi ni. Ó nawọ́ sí mi.

Mo retí kí ó bú mi. Mo retí kí ó gbá mi létí, màá gba ìyẹn. Ó lọ síbi tábìlì, ó mú kíjìpá náà, ó wá síbi tí mo dúró sí, ó fi bò mí léjìká lórí kákí, ó so ó lọ́rùn mi bí ẹni ń múra fún ọmọdé. Ó ní, “Ṣé èyí lo fẹ́, Àjàní? Gbà. Ìbá ti dára kó o béèrè.” Ó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà kí á bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, tòun ti kúkúndùnkún. Bí mo bá lọ sílé rẹ̀, ó máa ń kí mi bí ẹní kí àlejò: “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá.” Ìyá mi, ó ń fi “ẹ” pè mí!

Kọ́púrà ní ẹjọ́ ti parí, àfi bí èmi fúnra mi bá lọ sọ òtítọ́ fún adájọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé òtítọ́ náà mọ́ra. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ á bọ́, ìyá rẹ lóyún àbúrò rẹ, kí ni a ó jẹ? Ìkẹrin nìyí, ó sì ń dùn mí jù láti kọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mò ń ro oúnjẹ ara mi, inú ẹ̀wọ̀n ni ẹlòmíì ti ń jìyà rẹ̀. Bí o bá ṣi ènìyàn mú, tàbí tí o mọ̀ọ́mọ̀ mú un láìtọ́, lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Má sun ún di ọ̀la. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbẹ̀yìn mo lọ bá adájọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó wò mí, ó ní, “O lè lọ.” Wọ́n tú Jímọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gba kákí lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà gan-an, mo sì mọ̀ pé wọ́n ṣàánú mi, nítorí ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí mi.

Ọjọ́ tí Jímọ̀ dé, èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní tésàn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn obìnrin. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ẹni tí òjò àti ebi ti dá ṣubú, kí ni mo ń bá a jà sí? Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ẹni tó fún un láṣọ.

Ó ní, “Bí mo bá sọ ọ́, wọn á pe Ìyá wá sí kóòtù. Ìyá á wá gbọ́ pé ọmọ òun ló mú mi. Obìnrin náà kò ṣe mí níbi kankan.”

Àlàó, mo tún jowú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni ọmọ, òun ló mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ìyá kí ọkàn rẹ̀ má bàjẹ́.

Ìyá mi fún un ní yàrá tí mo gbé dàgbà. Oko ni mo wà lọ́jọ́ tí ìyá mi kú. Ọwọ́ Jímọ̀ ló kú sí. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá kí wa, Jímọ̀ ni wọ́n ń kí kí wọ́n tó kí mi. Òun ló dìde, ó fà mí síwájú, ó ní, “Ẹ kí ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìyí.” Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ní kó máa bá wa gbé. Kò pẹ́, ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lára mi lọ bá a. O mọ ohun tí ó ń ṣe mí. Mo gbé owú náà mì. Mo ti kọ́ láti gbé e mì, kò sì pa mí.

Nítorí náà, bí Sájẹ́ǹtì rẹ bá jẹ́ ènìyàn rere, bá mi kí i. Bàbá ju bàbá lọ, mo gbà. Àmọ́ lọ bi àwọn mẹ́rin tí o mú léèrè orúkọ wọn. Bi wọ́n léèrè ìlú wọn àti ohun tó lé wọn kúrò níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí o lè bá adájọ́ sọ, sọ ọ́, kódà bí Sájẹ́ǹtì bá bínú. Bí wọ́n bá gba kákí lọ́wọ́ rẹ nítorí ìyẹn, ilẹ̀ wà níbí, ọkọ́ sì wà.

Ohun kan ló kù. O ní o máa gba ìsinmi wá sílé nígbà Kérésìmesì, kí gbogbo ìlú lè rí ọ nínú aṣọ iṣẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń dùn. Ṣùgbọ́n o ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ọlọ́pàá bá yà sílé wa, Bàbá Òjòkú máa ń dìde lórí àga. O rò pé ọ̀wọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá kan wá kí n bá òun kọ lẹ́tà sílé. Mo yọjú wo yàrá ẹ̀yìn. Bàbá Òjòkú ti ká ẹní rẹ̀, ó ti di í, ó gbé e sí abíyá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n sọ fún un pé ibo ni kó lọ.

Jọ̀wọ́, ọmọ mi, bí ọkọ̀ bá dé Ìlọrin, bọ́ kákí náà sínú àpótí, kí o wọ bùbá wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó bí ọ, tí ó sì ń jowú rẹ,

Àjàní.